Wọ́n Gbà Mí Sílé Ní Abẹ́òkúta, Ṣùgbọ́n Àlejò Ni Mo Ṣì Jẹ́

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Akúrẹ́ ni mo ti wá. Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi wá fún ìrìn àjò ìhìnrere ọlọ́sẹ̀ méjì ní Abẹ́òkúta, ìjọ tó pè wá sì pín wa sí ilé àwọn ọmọ ìjọ. Ìtòkò ni ilé tèmi wà. Bàbá, màmá, ọmọ mẹ́ta àti ìyá bàbá tó jẹ́ Mùsùlùmí ló ń gbé ibẹ̀. Wọn ò fìyà jẹ mí rárá o, kódà wọ́n ń tọ́jú mi jù. Ẹran tèmi ló máa ń tóbi jù lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ gbé abọ́ tí mo fi jẹun, wọ́n á ní kí n jókòó. Bàbá kì í bá mi sọ̀rọ̀ kọjá 'ṣé ẹ sùn dáadáa'. Ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n pín sí Ìbarà ti ń bá ìyá ilé tiẹ̀ lọ sọ́jà, wọ́n ti ń pè é ní ọmọ àwọn. Ọjọ́ kẹrin mi rèé, ó dà bíi pé hòtẹ́ẹ̀lì ni mo wà. Ṣé wọn ò fẹ́ràn mi ni? Ṣé kí n ra ẹ̀bùn fún wọn? Olórí ikọ̀ wa tún ní kí n rí i pé mo wàásù fún ìyá àgbà kí n tó kúrò. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ọmọ mi, ẹni tí wọn ò fẹ́ràn nínú ilé, ẹran tiẹ̀ kọ́ ló máa ń tóbi jù. Jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lára àwọn tó ń pín àlejò ìhìnrere sí ilé ọmọ ìjọ nílùú yìí, àwọn kan sì ti sùn nílé tèmi náà, nítorí náà mo mọ ohun tí ìwọ ń rí, mo sì mọ ohun tí ìyá ilé ń rí. Ohun tí o fẹ́ ni kí wọ́n yé fi ọ́ ṣe àlejò pàtàkì, kí wọ́n gbà ọ́ mọ́ra. O wá so ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn mọ́ ọn, o tún so ìwàásù mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ wá lọ́ pọ̀. Mo fẹ́ tú wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí ibi tí wọ́n ti lọ́ pọ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀rù rẹ ti ń wá.

Ìtìjú ló wà láàárín ìwọ àti wọn, tọ̀túntòsì. Ìwọ ń bẹ̀rù kí o má baà ṣe ohun tó máa dùn wọ́n. Àwọn ń bẹ̀rù pé ohun tí wọ́n ní lè máà tó ọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run ń bọ̀, pé ta ló lè gbà wọ́n sílé, ìyá ilé á nawọ́, bàbá ilé á yíjú wò ó. Kí ẹ tó dé, wọ́n á ti kó àwọn ọmọ kúrò nínú yàrá kan, wọ́n á ti yá fóòmù lọ́dọ̀ aládùúgbò, wọ́n á ti pọn omi kún gbogbo kẹ́ẹ̀gì tó wà nílé, wọ́n á sì ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé ẹni tó bá pariwo á rí i. Àwọn kan á tiẹ̀ ti ra ọjà àwìn. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Ìyá tó ti ṣe gbogbo èyí, tó wá rí ọ tí o ń gbé abọ́ lọ sẹ́yìnkùlé, ohun tó máa sọ sí i lọ́kàn ni pé àwọn aládùúgbò á ní òun ń lo ìránṣẹ́ Ọlọ́run bí ọmọ ọ̀dọ̀. Bí ó bá sì dé etí pásítọ̀ ńkọ́? Ìdí tó fi ní kí o jókòó nìyẹn. Kò lé ọ, ó ń dáàbò bo orúkọ ara rẹ̀ ni.

Má sì fi ara rẹ wé ọ̀rẹ́ rẹ tó wà ní Ìbarà. Ilé yàtọ̀ sí ilé. Ìyá kan wà tí kò ní ọmọbìnrin, tó jẹ́ pé bí àlejòbìnrin bá ti gbé báàgì sílẹ̀ ló ti rí ọmọ tuntun. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í pọ̀, kódà pẹ̀lú àwọn ọmọ tó bí. Mo sọ èyí nítorí pé mo ti rí àwọn àlejò tó lọ bá ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n pààrọ̀ ilé fún àwọn, nítorí pé ilé ẹnìkejì ń dùn ju tiwọn lọ. Má ṣe bẹ́ẹ̀ láé, àyàfi tí ewu bá wà. Nínú Lúùkù orí kẹwàá, Jésù sọ fún àwọn tó rán jáde pé kí wọ́n dúró sínú ilé kan náà, kí wọ́n jẹ ohun tí wọ́n bá gbé síwájú wọn, kí wọ́n má sì máa ṣí kiri láti ilé dé ilé. Ẹni tó bá ti gba àlejò rí mọ ohun tí àṣẹ yẹn ń ṣọ́: ìdílé tí àlejò bá kó kúrò nílé wọn á gbé ìtìjú yẹn pẹ́, wọ́n á sì máa jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà pẹ̀lú ìdílé tó kó lọ bá.

Ẹ tún ka àkókò tí ẹ fi ń fojú kanra. Mo mọ bí ètò ikọ̀ ìhìnrere ṣe máa ń rí. Ẹ máa jáde ní kùtùkùtù fún àdúrà, ẹ máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, ìrọ̀lẹ́ á di ìpàdé ìta gbangba, ẹ ó wá wọlé nígbà tí àwọn ọmọ ti ń tòògbé. Ìyá ilé náà ti lọ sọ́jà Kútọ̀, ó ti bọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì wá pàdé, oúnjẹ ló wà láàárín yín, lẹ́yìn oúnjẹ, oorun. Báwo ni ẹnikẹ́ni ṣe fẹ́ mọ ẹnìkejì lórí ìyẹn? Kí o tó ro ohun mìíràn, tọrọ ìrọ̀lẹ́ kan tàbí ọ̀sán Sátidé kan lọ́wọ́ olórí ikọ̀ yín, kí o wà nílé láìní ohun tí o fẹ́ ṣe. Mo máa ń sọ fún àwọn tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa pé kí wọ́n fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sínú ètò wọn láti ilé wá, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló máa ń gbọ́, torí ẹni tó kó ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan wá kì í fẹ́ kí wákàtí kan ṣòfò.

Nígbà tí o bá wá wà nílé, kúrò ní pálọ̀. Pálọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àlejò. Ẹ̀yìnkùlé ni ilé wa ti ń gba ènìyàn wọlé. Má bèèrè pé "kí ni kí n bá yín ṣe, mà?" Kò sí ìyá Ẹ̀gbá kan tó máa dáhùn ju "kò sí o, ẹ jókòó ní tiyín" lọ. Iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ ni kí o bá a dì mú. Bí o bá dé tí o bá a lórí àpótí, tí ìdì ewédú wà níwájú rẹ̀, kúnlẹ̀, kí i kú ọjà, fa àpótí kejì sún mọ́ ọn, bu ẹ̀kúnwọ́ ewédú lé itan rẹ, kí o sì bẹ̀rẹ̀ sí í já a. Fọwọ́ òsì di igi rẹ̀ mú, fọwọ́ ọ̀tún já ewé, èyí tó bá ti pọ́n, sọ ọ́ nù, èyí tí kòkòrò ti jẹ díẹ̀, wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi í sí i. Yóò ní kí o fi sílẹ̀. Sọ fún un pé o máa ń bá màmá rẹ ṣe é nílé. Tí o kò bá ṣe é rí, má purọ́, sọ pé o fẹ́ kọ́ ọ ni. Títí ìdì kejì yóò fi tán, ọ̀rọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀. Ojú yín wà lára ewé, kò sí ẹni tó ń wo ẹnìkejì lójú, nítorí náà ẹnu á yá: ọmọ tó ń kàwé àti èyí tí kò fẹ́ kà, oníbàárà tó gbé ọjà lọ tí kò san owó, bí wọ́n ṣe pàdé, òun àti bàbá. Lọ́jọ́ tó bá ti ọwọ́ iṣẹ́ ké sí ọ pé kí o sáré lọ ra iyọ̀ wá ní ṣọ́ọ̀bù ìtòsí, tí kò fi "ẹ jọ̀ọ́" kún un, má wá ẹ̀rí mìíràn mọ́.

Ohun kan tún wà tó kéré lójú, tí àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí sì ń gbàgbé. Nígbà tí o bá jí, kí o tó tẹ fóònù rẹ, jáde lọ kí wọn, kí o sì dúpẹ́ oúnjẹ alẹ́ àná lẹ́ẹ̀kan sí i. O ti dúpẹ́ lálẹ́ àná, mo mọ̀. Èyí tí wọ́n ń kà sí ọpẹ́ gan-an ni ti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Lọ kí ìyá àgbà náà nínú yàrá rẹ̀, má dúró dìgbà tó bá jáde.

O kò sọ̀rọ̀ oúnjẹ nínú ìbéèrè rẹ, ṣùgbọ́n ará Akúrẹ́ ni ọ́, ọmọ oníyán, mo sì ń fura. Láfún la mọ̀ jù níbí. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi títí ó fi rọ̀, tí wọ́n sá sóòrùn, tí wọ́n wá lọ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń ro àmàlà funfun tí wọ́n ń gbé síwájú rẹ, òórùn rẹ̀ sì máa ń ta sí ẹni tí kò bá bá a dàgbà nímú. Bí kò bá lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ, ní kí wọ́n bù ú kéré, kí o sì jẹ èyí tí wọ́n bù tán. Èyí tí o fi sílẹ̀ nínú abọ́ ni wọ́n á máa rò títí di òru, wọn ò ní rántí èyí tó o ní kí wọ́n yọ. Bí ó bá jẹ́ pé ara rẹ ni kò gba irú oúnjẹ kan, sọ ọ́ tààrà fún màmá lónìí, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí o kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí o lọ ra nǹkan ní Pánṣẹ́kẹ́ lálẹ́, kí o tìlẹ̀kùn jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ ilé á rí náílọ̀nù rẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á sì sọ fún ìyá wọn.

Ní ti bàbá, fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ọkùnrin tó mọ ohun tó ń ṣe kì í dá àpárá púpọ̀ pẹ̀lú ọmọdébìnrin tí ìjọ fi sábẹ́ òrùlé rẹ̀, àpọ́nlé ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ jẹ́ fún ọ àti fún ìyàwó rẹ̀. Bí o bá fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, má bi í léèrè nípa iṣẹ́ tàbí owó oṣù. Bi í pé ìhà wo ni ìdílé wọn ti wá nínú Ẹ̀gbá: Aké ni, Òkè-Ọnà ni, Gbágùrá ni, àbí Òwu? Bi í ohun tó gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá rẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Bi í lójú màmá àti àwọn ọmọ. Mo ti rí ẹni tí kì í la ẹnu tó sọ ìtàn títí oúnjẹ fi tutù.

Ó wá ku ìyá àgbà, ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀. Èmi kò gbà pẹ̀lú olórí ikọ̀ yín lórí èyí, n kò sì ní fi bò. Ọmọ rẹ̀ ló gbà ọ́ sílé, òun kò ránṣẹ́ pe oníwàásù. Inú ilé rẹ̀ ni o ti ń jẹ, ni o ti ń sùn, kò sì rí ibi sá sí bí ọ̀rọ̀ rẹ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tí ẹ bá wàásù fún lójú títì lè bá tiẹ̀ lọ. Ìyá àgbà ńkọ́, ṣé inú ojú títì ni òun náà máa lọ jókòó sí? Ó ti ń gbọ́ orin àti àdúrà ilé ọmọ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ìhìnrere kì í ṣe tuntun létí rẹ̀. Bí o bá lọ bá a nítorí kí o lè kọ orúkọ kan sínú ìròyìn tí ẹ máa kà nígbà tí ẹ bá padà délé, yóò mọ̀. Àgbàlagbà máa ń mọ ẹni tó wá kí òun yàtọ̀ sí ẹni tó wá ka òun mọ́ iye.

Kí o má baà rò pé ìgbàgbọ́ tèmi ló tutù, wo ọ̀kan lára àwọn tó mú ìgbàgbọ́ yìí wọ ìlú yìí gan-an. Wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Ní oṣù Kẹjọ 1846, nígbà tó ti di àlùfáà, òun àti Afàlà ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn níhìn-ín ní Abẹ́òkúta. Oṣù Kejì 1848 ni ìyá náà tó ṣe ìrìbọmi, tí wọ́n sọ ọ́ ní Hannah. Ìyá tó bí i nìyẹn o, tó ń sunkún ayọ̀ pé òun tún rí ọmọ òun, lọ́wọ́ oníwàásù tó mọ èdè rẹ̀ dénú, ó sì tún lé ní ọdún kan. Wọ́n wá ní kí ìwọ fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe ti ìyá onílé. Ìlú yìí mọ bí a ṣe ń gba àlejò: Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá nígbà náà, gba Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní oṣù Kejìlá 1842, ó gba Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, ní oṣù Kíní 1843, kò sì di Kristẹni kó tó gbà wọ́n. Ìlú yìí kan náà ló tú ilé ìjọsìn ká ní 1867, tó lé àwọn ajíhìnrere òyìnbó jáde, nígbà tí ìfura sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ti wọ àárín wọn. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pe ọdún yẹn títí dòní.

Kí ni kí o wá ṣe lọ́dọ̀ ìyá àgbà? Jókòó tì í. Gbọ́ ìtàn rẹ̀. Bí o bá rí i pé omi ti tán nínú kẹ́tù tó fi ń ṣe àlùwàlá, bu omi sí i fún un. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ìjọ tiwa gan-an kò fara mọ́ èyí, wọ́n ní mò ń ti ẹ̀sìn mìíràn lẹ́yìn. Èmi ní arúgbó tí orúnkún ń dùn ni mo bá pọnmi. Bí ó bá bi ọ́ léèrè ohun tó gbé ọ kúrò ní Akúrẹ́, sọ fún un láìtijú, sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ, kí o sì dákẹ́ nígbà tó bá dákẹ́. Ó ṣeé ṣe kó máà bèèrè rárá. Lọ́jọ́ ìjẹ́rìí tó máa ń kẹ́yìn ìrìn àjò, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ á ní ohun ńlá sọ, ìwọ lè máà ní. Bí ó ṣe rí nìyẹn, n kò lè sọ pé kò ní dùn ọ́.

Nípa ẹ̀bùn, má kó owó lé màmá lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Yóò dà bíi pé o ń sanwó ẹran. Kọ́kọ́ bi olórí yín bóyá ìjọ ti fún ìdílé náà ní nǹkan fún oúnjẹ. Àwọn ìjọ kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn kan kì í ṣe. Bí wọn ò bá fún wọn, ẹrù tó wà lórí wọn kì í ṣe kékeré, ọ̀nà tó rọrùn láti bá wọn gbé e ni kí o má wọlé lọ́wọ́ òfo: búrẹ́dì lónìí, ọsàn lọ́la, páálí ọṣẹ kan ní ìparí ọ̀sẹ̀. Fi lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, kí wọ́n gbé e fún ìyá wọn. Èyí tí wọ́n máa rántí ni kí o fi sí ìgbà tí o bá ń lọ, kí o sì ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Obìnrin ará Ṣúnẹ́mù fi yàrá, ibùsùn, tábìlì, àga àti ọ̀pá fìtílà ṣe Èlíṣà lálejò. Nígbà tí wòlíì náà fẹ́ san oore, ó kọ́kọ́ bèèrè ohun tí wọ́n lè ṣe fún un, obìnrin náà sì ní láàárín àwọn ènìyàn òun ni òun ń gbé, kò sí nǹkan. Àwọn onílé rere máa ń dáhùn bẹ́ẹ̀. Bèèrè síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ohun kan ṣoṣo láti kìlọ̀ fún ọ nípa rẹ̀, ìlérí ni. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣèlérí nígbà tí inú yín bá dùn: "mo máa bá a wá fọ́ọ̀mù yunifásítì", "mo máa padà wá nígbà Kérésìmesì". Ọmọ tí o sọ ọ́ fún á máa kà oṣù. Mo ti gbọ́ ìbéèrè "ṣé ẹ gbúròó ẹ̀gbọ́n yẹn?" lẹ́nu irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Èyí tí o lè ṣe láti orí fóònù rẹ nìkan ni kí o sọ. Má sì ya fọ́tò inú ilé wọn sí WhatsApp láìgbàṣẹ; pàápàá jù lọ má ya ilé ìdáná wọn kí o kọ ọ̀rọ̀ àánú sábẹ́ rẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí dúró lórí pé ilé rere ni, bí o sì ṣe ṣàlàyé rẹ̀, ó jọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bá ń fọwọ́ kàn ọ́, tàbí tó ń wọ yàrá rẹ láìkànlẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ ìfaramọ́ra ti tán nìyẹn: pe olórí yín lálẹ́ yẹn kan náà, kí o sì kó báàgì rẹ. Èmi kò sì sí nínú ilé yẹn. Ó lè jẹ́ pé wàhálà owó wà, tàbí àìsàn, tàbí ìjà tó ti wà kí o tó dé, tí ojú wọn kò fi là, kò sí ewédú tó lè yanjú ìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. O lè kúrò níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlejò tó wá tó lọ ní àlàáfíà, kí ó má sì sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ó bá ku ọjọ́ kan kí ẹ lọ, lọ dágbére fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá àgbà ni kí o kọ́kọ́ lọ bá. Gba nọ́ńbà màmá. Bí ọkọ̀ bá ti já yín sílẹ̀ ní Akúrẹ́, pè é, má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, torí kò ní sùn títí yóò fi gbọ́ pé o délé. Ní báyìí, lọ tọrọ Sátidé yẹn lọ́wọ́ olórí ikọ̀ yín. Bí ó bá ní kò sí àyè, ka ìdáhùn yìí fún un, kí o sì sọ pé èmi ni mo ní kó yọ ọ̀sán kan sílẹ̀ fún gbogbo yín, àní títí kan èyí tó wà ní Ìbarà.